Aago Mẹ́rin Kọjá Ogójì Ìṣẹ́jú

Alẹ́ ọjọ́ Ajé, ìlú Gdynia, yìnyín ń bọ́ sórí èbúté,
ẹ̀rọ amúlégbóná ń kùn bí oyin.
Mo pín ìwé fún wọn, ogójì ìbéèrè:
ṣé ojú lo fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ni, àbí etí, àbí ọwọ́,
àbí o ní láti jókòó ti ọ̀rọ̀ kó tó yé ọ?
Igun mẹ́rin ni yàrá wa ní,
mo ti lẹ bébà mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:
Awòye. Aronú. Aṣètò. Adánǹkanwò.

Halszka sáré sí igun Aronú, ìwé mẹ́ta lábẹ́ abíyá.
Mścisław gba ti Aṣètò, gègé aláwọ̀ mẹ́rin lápò àyà.
Inú mi dùn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn to ṣíbí sínú dúróò,
ti ọbẹ̀ lọ́tọ̀, ti tíì lọ́tọ̀.

Jarogniew nìkan ló dúró láàárín yàrá,
ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, awakọ̀ kéréènì,
ìka rẹ̀ méjì ti bá okùn irin lọ.
Máàkì rẹ̀ dọ́gba délẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, níbo ni kí n lọ?"
Mo ní kó lọ sí igun Adánǹkanwò:
ọwọ́ rẹ̀ ni mo wò, n ò wo ìwé.
Ó lọ. Ó dúró ti ògiri
bí ẹrù tí wọ́n kọ àdírẹ́sì ẹlòmíì sí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo gbé iṣẹ́ fún wọn.
Ilé-iṣẹ́ ẹja dídì kan fẹ́ kó òṣìṣẹ́ méjìdínlógún lọ sí iṣẹ́ òru.
Ẹ̀yin ni máníjà. Kí lẹ ó ṣe?
Halszka kọ ojú-ìwé mọ́kànlá;
"ìwúrí" wà níbẹ̀ nígbà mẹ́tàlélógún, mo kà á.
Mścisław ya àpótí, ó ya ọfà, ọfà gbé àpótí mì,
pupa fún ewu, àwọ̀ ewé fún èrè.
Ọ̀rọ̀ wọn dùn. Mo ń mi orí, mo ń sàmì sí i.
Ìgbà náà ni Jarogniew na ọwọ́ oníka mẹ́ta sókè:
"Aago mélòó ni bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ń gbéra níbẹ̀?"

Kò sí ẹni tó mọ̀. Kò sí nínú fáìlì.
Èmi tí mo kọ fáìlì ọ̀hún, n ò mọ̀.
Ó ní, "Aago méjì òru ni iṣẹ́ á parí.
Bọ́ọ̀sì di aago mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú.
Mo ti dúró níbẹ̀ rí, ọwọ́ mi ń rùn bí ẹja.
Ẹnìkan ń sunkún. A ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Halszka lọ síbùdókọ̀ náà lóru.
Ikun imú ló mú bọ̀, kò kọ ohunkóhun sílẹ̀.
Jarogniew ní tirẹ̀ yá ìwé rẹ̀ kan,
ó ń kà á lókè kéréènì, tí ọkọ̀ ojú omi bá pẹ́ dé,
ètè rẹ̀ ń mì.

Ẹni tó ń kọ́ ilé, kọ́ ló ń kọ́.
Ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́, kọ́ náà ni.
Ẹni tó ní "èmi kọ́", kọ́ ọ̀hún ló tún gbé sẹ́nu.
Mo já bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lára ògiri.
Gọ́ọ̀mù ò jẹ́ kí ọ̀kan kúrò tán:
"Adá" ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Nígbà ìdánwò, máàkì mẹ́ta ló gbé Jarogniew ṣubú.
Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé sì ní àpótí kan:
ìpele ìjáfáfá akẹ́kọ̀ọ́, láti oókan dé aárùn-ún.
Mo jókòó tì í títí tíì mi fi tutù.
Mo kọ síbẹ̀: aago mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Ọ́fíìsì dá a padà lọ́jọ́ Ẹtì, yíǹkì pupa yí i po.
Wọ́n ní kí n tún un kọ.
Mo kọ̀.